Eyín Tí Wọ́n Tún Ṣe: Kí Ni Ẹ̀rọ Inú Láàbù Rí Tí Àwa Kò Rí?



Nínú oṣù Rámàdáànì kan, àǹtí mi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Àlàájà, jókòó láti ṣínu. Ó mu omi tútù, ó jẹ dàbínù méjì, ó wá fi búrẹ́dì bọ inú ẹ̀kọ gbígbóná. Ìgbà àkọ́kọ́ tó pa eyín dé lórí búrẹ́dì náà ló gbọ́ ìró kan nínú ẹnu rẹ̀, bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá. Eyín ẹ̀yìn kan ní apá òsì ti là sí méjì. Kò jẹ egungun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òkúta nínú oúnjẹ. Búrẹ́dì rírọ̀ lásán ni.

Eyín yìí kì í ṣe èyí tí a kò tọ́jú. Ní ọdún méjì ṣáájú, ihò ńlá ti wà nínú rẹ̀, ìrora rẹ̀ kò sì jẹ́ kí Àlàájà sùn. Dókítà eyín ṣe ìtọ́jú gbòǹgbò fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní rúùtù kánàlì, ó dí ihò náà, ìrora sì lọ. Dókítà wá sọ fún un pé kí ó padà wá láti fi ìdérí bo eyín náà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pè ní kíráùn. Àlàájà gbọ́ iye owó rẹ̀, ó ní, "Eyín tí kò dùn mí mọ́, kí ni mo tún fẹ́ bò lórí rẹ̀?" Iléyá ti sún mọ́lé. Owó náà bá àgbò lọ.

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán eyín tó là yìí, wọ́n rí i pé ojú ibi tó ti là ti wọ inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju pé kí wọ́n yọ ọ́. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, Àlàájà bi mí ní ìbéèrè kan tó bí àkọsílẹ̀ yìí: "Àbúrò mi, ṣé kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n fi dí eyín yìí fún mi?"

Rárá ni ìdáhùn rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú bébà tí wọ́n fi di eyín náà fún un. Ohun tí wọ́n fi dí ihò náà kò fọ́. Ó wà lódidi, ó lẹ̀ mọ́ ìdajì kan. Eyín gan-an ló là. Kí ló dé tí eyín tí wọ́n ti tún ṣe fi ń là, tí ohun tí wọ́n fi dí i kò sì bàjẹ́? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti fọ́ irú eyín bẹ́ẹ̀ nínú láàbù, kí wọ́n lè mọ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ohun tí wọ́n rí kan ẹnu olúkúlùkù wa, ó sì kan àpò wa.

Ìwúwo Tí Eyín Ń Gbé

Awọ funfun tó bo eyín, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní énámẹ́ẹ̀lì, ni ohun tó le jù lọ nínú ara ọmọ ènìyàn. Bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n, nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ èròjà bíi ti òkúta. Ṣùgbọ́n ohun tó le tó báyìí kì í tẹ̀. Bí àwo tánganran ni, ó lè sán. Ìdí nìyí tí Ọlọ́hun fi tẹ́ ìpele kejì sí abẹ́ rẹ̀. Dẹ́ńtíìnì ni wọ́n ń pe ìpele yìí. Ó rọ̀ díẹ̀ ju ti òkè lọ, òun ló sì ń gba ìwúwo mọ́ra kí awọ òkè má baà sán. Énámẹ́ẹ̀lì tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Kì í hù padà bí èékánná.

Àwọn onímọ̀ máa ń fi Newton wọn agbára. Newton 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo kílò kan. Nígbà tí a bá rọra ń jẹun, eyín ẹ̀yìn ń gba nǹkan bíi Newton 70 sí 150. Bí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le bá wá pa eyín dé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó lè tó Newton 600 tàbí 700. Àpò sìmẹ́ǹtì oníkílò 50 kò tó Newton 500. Ẹ wá ronú sí òkúta kékeré kan nínú ìrẹsì, tàbí egungun adìyẹ: gbogbo ìwúwo yẹn á bọ́ sórí ojú kan ṣoṣo tí kò tó orí abẹ́rẹ́ onídìí.

Wíwọn agbára eyín kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní 1895, G. V. Black, dókítà eyín ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí eyín ènìyàn ṣe lágbára tó àti bí àwọn ohun tí wọ́n fi ń dí i ṣe lágbára tó. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti ń gbòòrò sí i.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Fọ́ Eyín

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, eyín ènìyàn gidi ni wọ́n ń lò. Kì í ṣe pé wọ́n ń yọ eyín ẹnikẹ́ni nítorí ìwádìí. Àwọn eyín tí wọ́n ti fẹ́ yọ tẹ́lẹ̀ ni. Òmíràn jẹ́ eyín ọgbọ́n tí kò ráyè hù dáadáa, òmíràn sì jẹ́ eyín tí wọ́n yọ lẹ́nu ọ̀dọ́ kí àwọn yòókù lè ráyè tò. Wọ́n á gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Wọ́n á fi awò àti iná wo eyín kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ti sán tẹ́lẹ̀ á kúrò níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí eyín gbẹ, nítorí pé eyín tó bá gbẹ lè sán fúnra rẹ̀. Inú omi tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò díẹ̀ sí ni wọ́n ń kó wọn sí.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á pín eyín náà sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, gbogbo wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹgbẹ́ kan á wà bí Ọlọ́hun ṣe dá a, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n á gbẹ́ ihò sí ti ẹgbẹ́ kejì láìdí i. Wọ́n á dí ti ẹgbẹ́ kẹta pẹ̀lú ohun kan, ti ẹgbẹ́ kẹrin pẹ̀lú ohun mìíràn, wọ́n á sì fi ìdérí bo ti ẹgbẹ́ karùn-ún. Báyìí ni wọ́n ṣe lè fi ọ̀kan wé èkejì láìṣe ojúsàájú.

Wọ́n á wá gbin gbòǹgbò eyín kọ̀ọ̀kan sínú ike líle, bí ẹni pé inú egungun ló wà. Wọ́n máa ń dá ike náà dúró ní nǹkan bíi mìlímítà méjì sí ìsàlẹ̀ ibi tí orí eyín ti pàdé gbòǹgbò, nítorí pé ibẹ̀ ni egungun máa ń dé lẹ́nu ẹni tí ara rẹ̀ dá. Àwọn mìíràn á tún fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí gbòǹgbò ká, torí pé eyín kò wà nínú egungun bí ìṣó ṣe wà nínú pákó. Okùn tíntìntín ló so ó rọ̀, ó sì máa ń mì díẹ̀ tí a bá ń jẹun.

Kí wọ́n tó fọ́ ọ, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ di àgbà. Wọ́n á máa ti eyín bọ inú omi tútù tó jẹ́ 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á tún gbé e bọ inú omi gbígbóná tó jẹ́ 55, léraléra. Ìdí ni pé eyín àti ohun tí wọ́n fi dí i kì í wú, wọn kì í sì í sún kì bákan náà tí ooru bá kàn wọ́n. Ẹni tó bá mu omi yìnyín tó sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná lásìkò ìṣínu ti ṣe ìdánwò yìí sí eyín ara rẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Gale àti Darvell, dábàá ní 1999 pé tí a bá ṣe èyí ní ìgbà 10,000, ó lè dúró fún ọdún kan lẹ́nu ènìyàn. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń ṣe bí ẹni ń jẹun. Á máa tẹ eyín pẹ̀lú nǹkan bíi Newton 50, títí á fi pé ìgbà 1,200,000. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ka ìyẹn sí iṣẹ́ nǹkan bí ọdún márùn-ún.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n á gbé eyín sábẹ́ ẹ̀rọ ńlá. Irin róbótó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lé e lórí, ìdajì mìlímítà tàbí mìlímítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbín gan-an yára jù ú lọ. Kọ̀ǹpútà á máa fa ìlà bí ìwúwo náà ṣe ń gòkè. Lójijì, ìlà náà á já wálẹ̀. Eyín ti fọ́ nìyẹn. Wọ́n á kọ iye Newton náà sílẹ̀, wọ́n á kó àfọ́kù eyín náà, wọ́n á sì wò ó fínnífínní.

Ògiri Ilé Ló Ṣe Pàtàkì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé eyín tí wọ́n ṣe ìtọ́jú gbòǹgbò fún ti kú, pé ó ti gbẹ, pé ìdí nìyẹn tó fi ń fọ́. Láàbù kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní 1992, Sedgley àti Messer kó eyín 23 tí wọ́n ti ṣe ìtọ́jú gbòǹgbò fún. Wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ìkejì rẹ̀ tó wà láàyè ní apá kejì lẹ́nu ẹni kan náà. Nínú ohun tí wọ́n wọ̀n, dẹ́ńtíìnì inú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára bákan náà.

Kí ló wá ń jẹ́ kí ó fọ́? Ìdáhùn wà nínú iṣẹ́ mìíràn tó jáde ní 1989, èyí tí Reeh, Messer àti Douglas ṣe. Wọ́n mú eyín 42 tí ohunkóhun kò ṣe, wọ́n tẹ̀ wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n fọ́, wọ́n sì wọn bí eyín náà ṣe ń tẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Ìtọ́jú gbòǹgbò nìkan dín bí eyín ṣe dúró gírígírí kù ní ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sí àárín orí eyín dín in kù ní ìdá 20. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbẹ́ ihò tó gba àárín kọjá, tó sì já ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó dín kù ní ìdá 63.

Ẹni tó bá ti kọ́ ilé alámọ̀ rí á mọ ohun tí à ń sọ. Yàrá tó ní ògiri mẹ́rin dúró dáadáa. Bí a bá dá ojú fèrèsé sí ògiri kan, kò tíì ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá wó ògiri méjì tó dojú kọra, àwọn méjì tó kù ń dá dúró ni. Ẹ tì wọ́n láti inú, wọ́n á là síta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eyín Àlàájà. Kòkòrò ti jẹ ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ohun tí wọ́n fi dí àárín rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò so ògiri méjì tó kù pọ̀ tó. Ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun, ògiri méjèèjì ń yà síra díẹ̀díẹ̀, bí wáyà tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Wáyà yẹn kì í dá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tó bá dá, kò ní jẹ́ nítorí pé a tẹ̀ ẹ́ ju ti àná lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé búrẹ́dì ló parí iṣẹ́ tí ọdún méjì ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ìdérí ni pé ó ń gba orí àwọn ògiri náà mọ́ra, kí wọ́n má baà là síta. Ìdérí náà kò sì lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ní 1990, Sorensen àti Engelman fi ìdánwò hàn pé bí ìdérí bá rí eyín gidi dì mú yíká, kódà kó jẹ́ mìlímítà kan lókè ibi tí ìdérí parí sí, agbára eyín náà á pọ̀ sí i gan-an. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé báyìí ni mìlímítà kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹ wo èèkù ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ fi òrùka irin dè lẹ́nu kí igi rẹ̀ má baà là. Iṣẹ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n òrùka gbọ́dọ̀ rí igi dè. Bí eyín bá ti jẹrà dé ìdí kí a tó lọ, kò sí ohun tí ìdérí olówó iyebíye á dì mú.

Bí Ó Ṣe Fọ́

Ohun kan wà tí ìpolówó ọjà kì í sọ fún wa. Tí wọ́n bá ní ohun kan "le jù lọ", a máa ń rò pé òun ló dára jù. Àwọn olùwádìí kì í fi iye Newton nìkan dá ẹjọ́. Wọ́n máa ń yẹ àfọ́kù wò láti mọ̀ bóyá ibi tó ti fọ́ wà lókè egungun tàbí ó ti wọ ìsàlẹ̀ lọ. Bí ó bá wà lókè, wọ́n ṣì lè tún un ṣe. Bí ó bá ti wọ ìsàlẹ̀, yíyọ ló kù.

Ẹ jẹ́ kí á wo òpó tí wọ́n ń rì sínú gbòǹgbò nígbà tí orí eyín bá ti lọ púpọ̀. Irin kì í tẹ̀. Ó le ju dẹ́ńtíìnì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, òpó irin máa ń gba ìwúwo púpọ̀ kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ó lè la gbòǹgbò sí méjì, bí èèlà ṣe ń la igi ìdáná. Òpó tí wọ́n fi okùn gíláàsì ṣe máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí eyín ṣe ń tẹ̀. Ó lè tú tàbí kó dá kíá ju ti irin lọ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò sábà máa ń yè. Agbára tí yóò gba ẹ̀mí lọ́wọ́ eyín kì í ṣe agbára tí à ń wá.

Láti Láàbù Dé Ẹnu Ènìyàn

Kò yẹ kí á gba ọ̀rọ̀ láàbù ju bó ṣe yẹ lọ. Eyín tó wà nínú ike kò ní ẹni tó ni ín, tí á yẹra fún un tó bá ń dùn ún. Kò sí itọ́, kò sí kòkòrò, kò sí ẹni tó ń lọ eyín lójú oorun. Eyín méjì kì í rí bákan náà, iye eyín tí wọ́n sì ń fọ́ nínú ẹgbẹ́ kan kì í pọ̀. Nítorí náà, kò tọ́ kí á mú iye Newton láti inú ìwádìí kan wá fi wé ti ìwádìí mìíràn, bí àwọn tó ń polówó ọjà ṣe máa ń ṣe.

Ṣùgbọ́n bí ohun tí láàbù sọ bá bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ènìyàn mu, ó yẹ kí á gbọ́. Ní 2002, Aquilino àti Caplan ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí wọ́n ti ṣe ìtọ́jú gbòǹgbò fún. Eyín tí wọn kò fi ìdérí bò ń bọ́ sọnù ní ìlọ́po mẹ́fà ju èyí tí wọ́n bò lọ. Ohun tí ẹ̀rọ ti ń sọ nìyẹn.

Ìbéèrè Tí Àwa Mùsùlùmí Máa Ń Béèrè

Àwọn kan máa ń sún ìtọ́jú eyín síwájú nítorí ààwẹ̀. Àjọ àwọn onímọ̀ òfin Islam àgbáyé tó wà ní Jeddah sọ ọ́ ní 1997 pé gbígbẹ́ eyín, yíyọ eyín àti fífọ eyín kò ba ààwẹ̀ jẹ́, bí ènìyàn bá ti ṣọ́ra kí ohunkóhun má ṣe gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè lọ lẹ́yìn ìṣínu, bí ó bá rí dókítà, ṣùgbọ́n kí ó má fi eyín tó ń jẹrà sílẹ̀ fún odindi oṣù kan.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín kò ní jẹ́ kí omi kan ìdí rẹ̀ nígbà ìwẹ̀ jánnábà. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní sọ ni pé ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín fún ìwòsàn, tí kò ṣeé yọ, kò ní wàhálà. Ní ti wúrà fún ọkùnrin, àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí Arfaja ọmọ As'ad, Sàhábà tí imú rẹ̀ gé lójú ogun. Ó fi fàdákà ṣe òmíràn, ó ń rùn, Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ní kí ó fi wúrà ṣe é. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹni tí àìní bá mú láàyè láti fi wúrà tún eyín ṣe. Mùsùlùmí kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ yìí. Al-Zahrawi, oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Andalus, ẹni tó kú ní 1013, kọ ọ́ sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń fi okùn wúrà de eyín tó ń mì, àti bí wọ́n ṣe ń fi egungun màlúù gbẹ́ eyín mìíràn dípò èyí tó bọ́.

Ohun Tí Ìdílé Lè Ṣe

Ẹ tètè lọ nígbà tí ihò bá kéré. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ wọ̀nyí ń sọ kò ju èyí lọ: eyín tirẹ tó bá ṣẹ́ kù sàn ju ohunkóhun tí wọ́n lè fi dí i lọ. Ihò tó wà ní àárín orí eyín kì í gba owó púpọ̀, kì í sì í dín agbára eyín kù púpọ̀. Bí ó bá ti já ògiri, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ fi pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín tọ̀sán tòru, ẹ lo ọṣẹ ìfọyín tó ní fulóráìdì, kí ẹ sì máa fọ ààrín eyín àti etí ibi tí wọ́n dí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjẹrà tuntun ti ń wọlé.

Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́ta. Ògiri mélòó ló kù fún eyín yìí? Ṣé ó nílò ìdérí, títí dìgbà wo ni mo sì lè dúró? Bí ó bá fọ́ lọ́la, ṣé ẹ máa lè tún un ṣe? Kì í ṣe gbogbo eyín ló nílò ìdérí. Eyín iwájú tó ní ihò kékeré lè máà nílò rẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú gbòǹgbò, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀yìn tó ti pàdánù ògiri rẹ̀ sábà máa ń nílò rẹ̀.

Ẹ sọ òótọ́ nípa owó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ojú máa ń tì wá, a ó ní "ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó," a kò sì ní padà. Ẹ sọ fún dókítà pé owó ìdérí kò tíì sí. Ó lè fi ohun tó fi dí eyín náà gba orí ògiri tó kù mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó rí owó. Kò tó ìdérí, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ògiri dá dúró lọ. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín.

Títí ìdérí yóò fi dé, ẹ máa fi apá kejì jẹun. Ẹ má fi eyín ṣí ìdérí ìgò, ẹ má fi fọ́ èkùrọ́, ẹ má fi rún yìnyín. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kejì yín bá ń gbọ́ pé ẹ ń lọ eyín lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà.

Àlàájà ti gba kámú lórí eyín rẹ̀. Àlàfo wà níbẹ̀, apá ọ̀tún ló sì fi ń jẹ ẹran báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní yunifásítì, pè é pé wọ́n ti parí ìtọ́jú gbòǹgbò eyín òun, àti pé dókítà ní kí òun padà wá bò ó, kò jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ parí. Ó ní, "Ṣé ògiri ẹ̀ méjèèjì ló ti lọ?" Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Àlàájà ní, "Ó dáa. Èmi ni mo máa san án. Àgbò wa máa kéré lọ́dún yìí. Àgbò kékeré tó bá ti pé ọjọ́ orí, tí kò sì lábùkù, àgbò náà ni."

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè máa ṣọ́ ìdẹ̀ra ara tí Ó fi jíǹkí wa. Àmín.